Fóò-wíìlì katakata kékeré mi kò fa táyà iwájú mọ́: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àgbẹ̀Àkùrọ̀ (Ọjọ́ Ajé, 6:40 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí òjò tó rọ̀ dójú ẹ̀.

Katakata tòkunbọ̀ kékeré ni mo ń lò, ti Japan, 26 hp. Àkùrọ̀ ìrẹsì ni mo fi ń túlẹ̀, nítòsí Ìgbẹ́mọ. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì báyìí tí táyà iwájú kò fa mọ́. Bí mo bá fa ọ̀pá fóò-wíìlì (èyí tó ń jẹ́ kí táyà iwájú náà máa fà pẹ̀lú tẹ̀yìn), ọ̀pá náà ń lọ, ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń yí. Tó bá ti wọ ẹrẹ̀, tẹ̀yìn á máa gbẹ́ kòtò, tiwájú á kàn dúró síbẹ̀.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ kó tó dáṣẹ́ sílẹ̀. Mò ń yà kúrò lójú ọ̀nà wọ àgbàlá ilé wa, ilẹ̀ líle ni, mo sì gbàgbé fóò-wíìlì sórí gíà. Mo gbọ́ "gbàù!" lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo dúró, mo wò ó yíká, n kò rí nǹkan kan. Nígbà tí mo tún dé àkùrọ̀ ni mo tó mọ̀ pé iwájú kò ṣiṣẹ́.

Mẹkáníìkì tó wá wò ó ní gíábọ́ọ̀sì ni. Ó ní àfi ká la katakata sí méjì láàárín, ₦350,000 fún iṣẹ́ ọwọ́ nìkan, kò tíì kan pààtì. Owó yẹn ni mo fẹ́ fi ra irúgbìn àti ajílẹ̀. Ṣé kò sí ohun tí mo lè yẹ̀ wò fúnra mi kí n tó gbà kí wọ́n là á?

Dẹ́rẹ́bàOko (Ọjọ́ Ajé, 7:15 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ọ̀pá fóò-wíìlì yẹn dáadáa ná. Ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ yín lè máa lọ kó máa bọ̀, kí èyí tó so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì nísàlẹ̀ ti já. Píìnì kékeré kan ló máa ń so wọ́n pọ̀, ìpáàrà ló sì máa ń já a. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹnì kan máa fa ọ̀pá náà, kí ẹ̀yin máa wo apá irin tó wọnú gíábọ́ọ̀sì bóyá ó ń yí.

Ẹ tún wo lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá náà. Tòkunbọ̀ Japan ni, kò ní í kọ òyìnbó sí i. Níbi tí wọ́n bá kọ 入 sí ni fóò-wíìlì ti wọlé. Níbi tí wọ́n bá kọ 切 sí ni ó ti jáde. Mo mọ ẹnì kan ní Àrámọkọ tó fi ọdún kan gbáko lo tirẹ̀ ní òdìkejì, tó rò pé katakata òun kò lágbára.

OlókoIléṣà (Ọjọ́ Ajé, 8:02 àárọ̀)

Mẹkáníìkì yín kò purọ́. Irú rẹ̀ ṣe tèmi lọ́dún kẹta. Inú gíábọ́ọ̀sì ni fọ́ọ̀kì tó ń ti gíà fóò-wíìlì wà, ó jẹ tán, kò lè ti gíà náà wọlé mọ́. A là á, a pààrọ̀ rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí òjò ń bọ̀.

Ọ̀gáṢakí (Ọjọ́ Ajé, 1:30 ọ̀sán)

Àbúrò, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni la katakata yẹn o. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe ní Ṣakí láti ogún ọdún ó lé, gbogbo Òkè-Ògùn ni mo ń yí. Gíábọ́ọ̀sì máa ń bàjẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ni èèyàn ń yẹ̀ wò gbẹ̀yìn, nítorí òun ló gbówó jù, tó sì le jù láti dé.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀nà tí agbára ń gbà dé iwájú. Láti inú gíábọ́ọ̀sì, gíà kékeré kan yọ ọ̀pá gígùn kan síta, ìyẹn ṣáàfùtì. Ṣáàfùtì yìí gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ síwájú, inú páìpù irin ló wà, ìdí nìyẹn tí o kò fi ń rí i. Orí àti ìdí rẹ̀ ni sílíìfù wà, irin roboto oníhò tó ní eyín nínú. Sílíìfù yìí ló so ṣáàfùtì mọ́ gíábọ́ọ̀sì lẹ́yìn, tó sì so ó mọ́ píníọ̀nù dífù níwájú, ìyẹn gíà kékeré tó ń gbé agbára wọ dífù. Píìnì kan ló ń dá sílíìfù dúró kó má rìn. Láti dífù, agbára pín sí ọ̀tún àti òsì, ó wọ gíà ẹ̀gbẹ́ táyà, ó dé táyà.

Ibi mẹ́rin nìyẹn: ọ̀pá tí o ń fà, sílíìfù méjèèjì, dífù, gíà ẹ̀gbẹ́ táyà. Gbogbo wọn wà níta gíábọ́ọ̀sì. "Gbàù" tí o gbọ́ lórí ilẹ̀ líle yẹn, níta ló ti dún lójú tèmi.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Fi jáàkì gbé iwájú sókè kí táyà méjèèjì kúrò nílẹ̀. Tan ẹ́ńjìnnì, fa fóò-wíìlì, fi gíà tó kéré jù sí i, kí o wo ohun tó ń yí níwájú àti ohun tí kò yí. Tí táyà kan kò bá yí rárá, tí ṣáàfùtì náà kò sì yí, ìgbà yẹn la tó lè máa sọ̀rọ̀ gíábọ́ọ̀sì.

ÌyáOníkatakata (Ọjọ́ Ajé, 2:10 ọ̀sán)

Ọ̀gá Ṣakí, ẹ kú àlàyé, ó yé mi dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákun, kò gbọdọ̀ tan ẹ́ńjìnnì! Táyà ẹ̀yìn ṣì wà nílẹ̀. Bó bá ti fi gíà sí i báyìí, ẹ̀yìn á tì í kúrò lórí jáàkì, á sì já lé ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Katakata mẹ́ta ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ní Ìsẹ́yìn, mo sì ti rí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí irú èyí fọ́ lẹ́sẹ̀. N kò fẹ́ rí i mọ́.

Àgbẹ̀Àkùrọ̀, báyìí ni kí ẹ ṣe é. Pa ẹ́ńjìnnì, yọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Gbé òkúta tàbí igi ńlá síwájú àti sẹ́yìn táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Abẹ́ férémù ni kí jáàkì wà, kì í ṣe abẹ́ àsùlù (irin ìdábùú tó gbé táyà méjèèjì), nítorí àsùlù iwájú ń mì lórí píìnì àárín rẹ̀ bí òṣùwọ̀n. Bí ẹ bá gbé ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì á ṣì fẹsẹ̀ tilẹ̀. Bó bá ti gòkè, ẹ to igi líle sábẹ́ férémù kí ó jókòó lé igi, kì í ṣe lé jáàkì. Kí ẹ tún fi igi pẹlẹbẹ há àárín àsùlù àti férémù lọ́tùn-ún lósì kí ó má mì.

Lẹ́yìn náà, fi gíà tó kéré jù sí i, fa fóò-wíìlì wọlé, kí ẹ fi ọwọ́ yí táyà iwájú kan. Ọwọ́ nìkan tó.

Ọ̀gáṢakí (Ọjọ́ Ajé, 2:25 ọ̀sán)

Òótọ́ ni ìyá sọ. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, iwájú àti ẹ̀yìn la máa ń gbé sókè pa pọ̀ lórí igi, mo gbàgbé pé nínú oko ló wà. Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì. Tìyá ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Bí o bá fi ọwọ́ yí táyà kan tí ìkejì ń yí lódìkejì (èyí lọ síwájú, ìyẹn ń bọ̀ sẹ́yìn), ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yè nìyẹn. Bí o bá yí kan, tí ó ń yí lọ fàlàlà tí ìkejì kò mira, nǹkan ti já lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, láàárín dífù àti táyà.

Àgbẹ̀Àkùrọ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:50 àárọ̀)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. A ti ṣe é. Igi ìrókò tó ṣẹ́kù níbi tí a ti kọ́lé ni a tò sábẹ́ rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà, ọ̀pá fóò-wíìlì mi ń ṣiṣẹ́ dé ìsàlẹ̀, píìnì rẹ̀ pé, irin tó wọ gíábọ́ọ̀sì sì ń yí. 入 ni mo fi sí.

Mo yí táyà òsì síwájú, tọ̀tún ń yí sẹ́yìn. Mo yí tọ̀tún, tòsì ń bọ̀ sẹ́yìn. Kò sí ariwo kankan.

OlókoIléṣà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:20 ọ̀sán)

Ó ti yanjú nìyẹn. Iwájú yè. Gíábọ́ọ̀sì ló kù, bí mo ṣe sọ.

Ọmọ_Kétu (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:05 ọ̀sán)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará Nàìjíríà. Láti Kétu níbí, ní Bẹ̀nẹ̀. Ohun tí ẹ ń pè ní àsùlù iwájú, "pọ́ǹ" ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é.

Bàbá Iléṣà, ẹ má bínú, kò tíì yanjú. Ohun tí àyẹ̀wò yẹn fi hàn ni pé ẹ̀gbẹ́ táyà méjèèjì yè. Kò sọ ohun kan nípa àárín dífù àti gíábọ́ọ̀sì. Sílíìfù lè ti bọ́ kúrò lórí píníọ̀nù pátápátá, bí ẹ bá sì yí táyà kan, ìkejì á ṣì máa yí lódìkejì.

Ohun tó kù ni kí èèyàn méjì dúró, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí wọ́n jọ yí táyà méjèèjì síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí fóò-wíìlì bá wọlé, tí gíà sì wà lórí rẹ̀, kò yẹ kí wọ́n lè yí i, nítorí gbogbo katakata ni wọ́n ń gbìyànjú láti tì. Bí ó bá ń yí fàlàlà, ó ti já níbì kan láàárín.

Tèmi yàtọ̀ sí tiyín. Mo yí táyà òsì, ó ń yí lọ, tọ̀tún dúró. Nígbà tí a tú àpótí irin ẹ̀gbẹ́ táyà òsì, eyín gíà inú rẹ̀ ti ká dànù, wọ́n kún inú ọ́ìlì bí èérún irin. Ẹ wò ó, ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ló bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀tún náà kò fa. Bí dífù ṣe rí nìyẹn: ibi tó rọrùn ni agbára ń gbà lọ, bí omi. Èyí ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ pé "táyà ọ̀tún ló bàjẹ́" tàbí "tòsì ló bàjẹ́" kó tó gbé e sókè.

Ọ̀gáṢakí (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:40 ọ̀sán)

Ọmọ_Kétu, ọ̀rọ̀ rẹ dára gan-an.

Àbúrò, ṣe èyí tó sọ yẹn. Bó bá yí fàlàlà, tú páìpù tó bo ṣáàfùtì. Kílíípù ló máa ń wà lórí páìpù náà níwájú tàbí lẹ́yìn, tí o bá tú u, páìpù á ṣeé ti sẹ́yìn, sílíìfù á sì hàn. Kí èèyàn méjì jọ yí táyà méjèèjì síwájú, kí ìwọ máa wo ṣáàfùtì. Bí táyà ń yí tí ṣáàfùtì kò yí, iwájú ló wà. Bí ṣáàfùtì ń yí pẹ̀lú táyà nígbà tí fóò-wíìlì wọlé, ẹ̀yìn ló wà: sílíìfù ẹ̀yìn, tàbí gíábọ́ọ̀sì. Ìgbà yẹn ni màá gbà fún ará Iléṣà.

Àgbẹ̀Àkùrọ̀ (Ọjọ́ Rú, 9:15 àárọ̀)

Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ yí i. Fàlàlà ló ń yí!

Bí mo ṣe tú kílíípù páìpù, omi pupa ló kọ́kọ́ tú jáde, ẹrẹ̀ àkùrọ̀ àti ìpáàrà. Mo ti páìpù sẹ́yìn, mo rí i: sílíìfù iwájú ti rìn sẹ́yìn lórí ṣáàfùtì, kò kan píníọ̀nù mọ́ àfi létí. Píìnì rẹ̀ já sí méjì, ìlàjì kan ṣì wà nínú ihò. Eyín inú sílíìfù náà, apá tó kan píníọ̀nù ti dán bí àbẹ tí wọ́n lọ̀. Eyín píníọ̀nù fúnra rẹ̀ ṣì dúró dáadáa, létí orí rẹ̀ nìkan ló fi jẹ díẹ̀.

Ṣáàfùtì kò yí rárá nígbà tí àbúrò mi àti ẹnì kan jọ ń yí táyà méjèèjì síwájú.

₦350,000! Ọlọ́run ló ní kí n kọ̀wé síbí.

OlókoIléṣà (Ọjọ́ Rú, 9:40 àárọ̀)

Mo gbà. Tèmi ni mo fi wọn tiyín, kò sì yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn pé ẹ kò là á.

Dẹ́rẹ́bàOko (Ọjọ́ Rú, 10:05 àárọ̀)

Kò le mọ́ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti sílíìfù náà padà sáyè rẹ̀, kí ẹ pe wẹ́dà kó jó o mọ́ ṣáàfùtì. Lónìí náà lẹ ó wọ oko. Ọ̀gá tí mo ń wà fún nígbà kan ṣe bẹ́ẹ̀, ó lò ó di ìkórè.

Tọ́nàÌbàdàn (Ọjọ́ Rú, 12:30 ọ̀sán)

Ẹ má jó o! Mo bẹ̀ yín.

Tọ́nà ni mí, ẹ̀rọ tó ń yí irin tí a fi ń gé e ni mo fi ń jẹun, ó sì ti lé ní àádọ́ta sílíìfù irú èyí tí mo ti ṣe. Àwọn tí wọ́n kó wá fún mi lẹ́yìn tí wẹ́dà ti jó o ló máa ń dùn mí jù, nítorí ohun tó yẹ kó ná wọn ní owó kékeré á ti di owó ńlá.

Ìdí nìyí. Nínú gbogbo ọ̀nà tí agbára gbà dé iwájú, sílíìfù àti píìnì ló rọrùn jù láti rí, òun ni owó rẹ̀ sì kéré jù. Bí nǹkan bá máa já, kí òun já. Bí ẹ bá jó o pọ̀, ìgbà tó bá tún fún un, kò ní í já níbẹ̀ mọ́, á wá ibòmíràn lọ, ibẹ̀ sì lè jẹ́ eyín píníọ̀nù tàbí kíráòn, gíà ńlá inú dífù. Èkejì, iná wẹ́dà á mú kí irin píníọ̀nù pàdánù líle rẹ̀. Ẹ̀kẹta, lọ́jọ́ tí ọ́ìlì síìlì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò) tó wà lẹ́nu píníọ̀nù bá ń jò, báwo ni ẹ ó ṣe yọ ṣáàfùtì? Ẹ ó fi ayùn gé e ni.

Ohun tí ẹ ó ṣe: ẹ yọ ṣáàfùtì àti sílíìfù méjèèjì, iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ ka iye eyín tó wà lórí píníọ̀nù, kí ẹ má fojú díwọ̀n o, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ọ̀kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ fi kálípà, irinṣẹ́ ìwọ̀n, wọn fífẹ̀ rẹ̀ láti orí eyín dé orí eyín, àti gígùn sílíìfù. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ kó sílíìfù tó yè, ti ẹ̀yìn, wá pẹ̀lú èyí tó jẹ, kí tọ́nà lè fi wé.

Kí ẹ tó wá sọ́dọ̀ tọ́nà, ẹ kọ́kọ́ yà sí Àràromi ní Gate ní Ìbàdàn níbí, tàbí Ọwọ́dé Onírìn ní Èkó. Sílíìfù tòkunbọ̀ máa ń wà. Bí eyín bá bára mu tí fífẹ̀ sì bára mu, ẹ lè rà á kódà bí kò bá jẹ́ ti katakata kan náà, gígùn rẹ̀ ni a lè gé. Èyí tí a bá ṣe ní tuntun, irin tó le ni kí ẹ ní kí tọ́nà lò. Ṣáàfùtì ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ ni èmi máa ń gé fún un. Irin tí wọ́n fi ń kọ́lé kò gbọdọ̀ kàn án.

Ní ti píìnì, mo mọ̀ pé ẹnì kan á fẹ́ fi bóòtù sí i. Orí bóòtù á máa ha inú páìpù, bóòtù á sì máa mì nínú ihò títí ihò á fi gbòòrò. Píìnì onísípírínì ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n ká bí ìwé, ó ń há ara rẹ̀ mọ́ ihò. Iye owó rẹ̀ kò tó ohun tí ẹ fi ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán.

Dẹ́rẹ́bàOko (Ọjọ́ Rú, 12:55 ọ̀sán)

Mo gbọ́, ọ̀gá. Ní tòótọ́, ẹ̀yìn ìkórè yẹn ni dífù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan ara wọn.

ÌyáOníkatakata (Ọjọ́ Rú, 8:20 alẹ́)

Ẹ ti rí ohun tó já. Kò sẹ́ni tó tíì béèrè ohun tó já a.

Àgbẹ̀Àkùrọ̀, ìbéèrè méjì. Báwo ni ilé yín ṣe jìnnà sí àkùrọ̀, ṣé ẹ máa ń rìn ín pẹ̀lú fóò-wíìlì? Ṣé ẹ ti pààrọ̀ táyà kankan látìgbà tí ẹ rà á?

Àgbẹ̀Àkùrọ̀ (Ọjọ́ Rú, 9:00 alẹ́)

Ìyá wa, ó tó kìlómítà 4, ọ̀nà ilẹ̀ pupa líle ni. Mo máa ń gbà á pẹ̀lú fóò-wíìlì nígbà mìíràn, mo rò pé ó ń ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́.

Ní ti táyà, mo pààrọ̀ iwájú méjèèjì lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ti tẹ́lẹ̀ ti pá, n kò rí irú rẹ̀. Èyí tí mo rí tóbi díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó wọ ríìmù.

ÌyáOníkatakata (Ọjọ́ Rú, 9:45 alẹ́)

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Gíà ló pinnu iye ìgbà tí táyà iwájú ń yí bí tẹ̀yìn bá yí lẹ́ẹ̀kan. Iye yẹn kì í yí padà, gíà kò mọ̀ pé ẹ ti pààrọ̀ táyà. Wọ́n ṣe é kí iwájú máa sáré ju ẹ̀yìn lọ díẹ̀, nǹkan bí ìdá 1 sí 5 nínú 100, kí ó lè máa fà. Bí táyà iwájú bá tóbi jù, sísáré yẹn á pọ̀ jù. Nínú ẹrẹ̀, táyà á yọ̀, kò sí ewu. Lórí ilẹ̀ líle, kò lè yọ̀. Iwájú ń fẹ́ lọ, ẹ̀yìn ń dá a dúró, ṣáàfùtì wà láàárín wọn, wọ́n ń lọ́ ọ bí aṣọ tí a fẹ́ fún omi rẹ̀. Kìlómítà 4 lórí ilẹ̀ líle! Ọjọ́ tí ẹ wá yà wọ ilé ló wá já.

OlókoIléṣà (Ọjọ́bọ̀, 6:50 àárọ̀)

Ìyá, ṣé kì í ṣe pé iwájú àti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bára mu géérégé ni? Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ta tèmi fún mi ṣe sọ.

Ọ̀gáṢakí (Ọjọ́bọ̀, 7:30 àárọ̀)

Rárá, òótọ́ ni ohun tí ìyá sọ. Bí wọ́n bá bára mu géérégé, lọ́jọ́ tí táyà iwájú bá pá díẹ̀, kò ní í fa mọ́, ẹ̀yìn ni yóò máa tì í. Iwájú gbọ́dọ̀ ṣíwájú díẹ̀.

Ó ṣeé wọ̀n láìsí irinṣẹ́ kankan. Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí táyà iwájú kan àti táyà ẹ̀yìn kan. Rìn títí táyà ẹ̀yìn á fi yí ní ìgbà 10, kí o ka iye tí iwájú yí. Èyí àkọ́kọ́, láìsí fóò-wíìlì. Lẹ́yìn náà, fi fóò-wíìlì sí i, lórí ilẹ̀ rírọ̀ o, kì í ṣe lórí ọ̀dà, kí o tún kà á. Yọ àkọ́kọ́ kúrò nínú ìkejì, pín in pẹ̀lú àkọ́kọ́, sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Ìyẹn ni ìṣíwájú rẹ.

Àbúrò, ní báyìí tí sílíìfù kò sí níbẹ̀, àkókò yìí gan-an ni kí o ka ti àkọ́kọ́. Táyà iwájú rẹ wà lómìnira.

Ọmọ_Kétu (Ọjọ́bọ̀, 8:10 àárọ̀)

Kí ẹ tó dì í padà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú ọ́ìlì pọ́ǹ náà. Ti iwájú kò sí lára ti gíábọ́ọ̀sì nínú ọ̀pọ̀ katakata kékeré, tirẹ̀ dá wà, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀, wọ́n á máa yẹ ti gíábọ́ọ̀sì wò, tiwájú á gbẹ. Ohun tó pa tèmi nìyẹn. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ó bá funfun bí omi ògì, omi ti wọ̀ ọ́, ọ́ìlì síìlì ti lọ. Ẹ kó o sínú abọ́ kí ẹ fi ọwọ́ ra ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìyẹ̀fun irin dúdú kò burú, gbogbo gíà ló ń sun ún. Èérún tí ẹ lè fọwọ́ mú ni kí ẹ bẹ̀rù.

Tọ́nàÌbàdàn (Ọjọ́bọ̀, 8:35 àárọ̀)

Mo fi èyí kún un: bí ẹ bá máa ra béárìn tàbí ọ́ìlì síìlì, ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ katakata kiri. Nọ́ńbà wà lára wọn. Béárìn tí wọ́n bá kọ 6206 sí, ihò rẹ̀ jẹ́ 30 mm, fífẹ̀ rẹ̀ 62 mm, nínípọn rẹ̀ 16 mm, níbikíbi tí wọ́n bá ti ṣe é. Ọ́ìlì síìlì náà, ihò, fífẹ̀ àti nínípọn ni wọ́n máa ń kọ sí i lára. Ẹ fi aṣọ nù ún kí ẹ kà á.

Àgbẹ̀Àkùrọ̀ (Ọjọ́ Ajé, 5:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ má bínú pé ẹ kò gbọ́ mi, Ìbàdàn ni mo wà lópin ọ̀sẹ̀.

Mo rí sílíìfù ní Àràromi, tòkunbọ̀, eyín rẹ̀ bá tèmi mu. Ó fi bíi ìka ìdajì gùn jù, wọ́n gé e fún mi. Píìnì onísípírínì méjì ni mo rà, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, nítorí ti ẹ̀yìn náà ti ń mì. Pẹ̀lú ọ́ìlì gíà 90 àti owó ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ kò dé ₦70,000.

Ọ́ìlì iwájú funfun bí omi ògì lápá ọ̀tún, bí Ọmọ_Kétu ṣe sọ. Apá òsì mọ́. Èérún irin kò sí. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì ọ̀tún.

Ní ti kíkà: láìsí fóò-wíìlì, táyà ẹ̀yìn 10, iwájú 14 àti ààbọ̀. Nígbà tí mo dì í tán tí mo fi fóò-wíìlì sí i nínú oko, ẹ̀yìn 10, iwájú 16. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìdá 10 nínú 100 ló ń fún mi. Ṣé mo kà á dáadáa?

Ọ̀gáṢakí (Ọjọ́ Ajé, 6:05 ìrọ̀lẹ́)

O kà á dáadáa. Ó ti pọ̀ jù, ìlọ́po méjì ohun tó yẹ kó jẹ́ ní òkè pátápátá. Lo ó nínú ẹrẹ̀ nìkan títí wàá fi rí táyà tó tọ́. Táyà tí iwájú á fi yí bí 15 àti ààbọ̀ láìsí fóò-wíìlì ni kí o wá, ìyẹn á fún ọ ní ìdá 3.

ÌyáOníkatakata (Ọjọ́ Ajé, 6:40 ìrọ̀lẹ́)

Lójú ọ̀nà, kí ọ̀pá náà wà ní 切, láti ẹnu ilé dé etí àkùrọ̀. Ẹ fi ọ̀dà pupa kùn ún kí àbúrò yín náà máa rí i. Kí ẹ tún tú kílíípù páìpù yẹn lẹ́yìn oṣù kọ̀ọ̀kan kí omi inú rẹ̀ lè jáde, ẹ fi gíríìsì sí eyín sílíìfù.

Àgbẹ̀Àkùrọ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 alẹ́)

Mo ti kun ún. A wọ àkùrọ̀ láàárọ̀ yìí, omi dé orúnkún, táyà iwájú ń fa. Éékà méjì la tú kí oòrùn tó wọ̀. Mo ti ní kí ẹnì kan bá mi wá táyà náà ní Adó, bí ẹnikẹ́ni bá ní méjì tó ti lò, kí ó kọ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ síbí.